Agogo ìlú ni, àbí agogo ààfin?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2025, àwọn ológun kan yọ sí wa lójú tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní àwọn ti gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Patrice Talon, àti pé Pascal Tigri, ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ológun, ni olórí àwọn. Kò pẹ́ tí àwòrán fi pòórá. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Ààrẹ fúnra rẹ̀ yọ lórí tẹlifíṣọ̀n kan náà, ó ní apá ìjọba ti ká ọ̀ràn náà, kí oníkálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní Goro níbí, agbo ilé kan wà tí wọ́n ti ń fi iná oòrùn wo tẹlifíṣọ̀n. Ibẹ̀ ni èrò pé sí. Èdè Faransé ni àwọn ológun náà fi ka ìwé wọn, nítorí náà ẹni tí kò gbọ́ Faransé, akoto àti ìbọn nìkan ló rí. Ọmọ ilé-ìwé méjì ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀. Ọ̀kan ní wọ́n ti yọ Ààrẹ, èkejì ní Ààrẹ ló rán wọn wá. Àwọn àgbà wo ara wọn lójú, wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà lọ jókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nígbà tí kíláàsì mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà wa tún pé, ìyá kan tó ń ta gàrí, tó ti wà ní ọdún kejì ẹ̀kọ́, nàwọ́ sókè. Ó ní: «Tíṣà, ẹ má bínú o. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ilé tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n sáré lọ? Ta ló ni ín gan-an?»

Mo ní: «Ìjọba ló ni ín, Ìyá.»

Ó ní: «Ìjọba wo? Ti òwúrọ̀ ni, àbí ti alẹ́?»

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi délé.

Èdè Faransé ní ọ̀rọ̀ méjì níbi tí àwa ní ẹyọ kan. État ni gbogbo wa pátá: ilẹ̀, ènìyàn, òfin, owó àpapọ̀, ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa tí a ó sì fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Gouvernement ni àwọn tí a gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ fún ọdún díẹ̀. Nínú àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ni, àti lẹ́nu àwọn tó ń túmọ̀ ìròyìn, «ìjọba» ni a ń pe méjèèjì. Nítorí náà, nígbà tí a bá wí pé «tẹlifíṣọ̀n ìjọba», a ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ọ. A ti fa ohun ìní gbogbo ìlú lé ẹni tó wà lórí oyè lọ́wọ́, ẹnu ara wa la sì fi fà á.

Bàbá kan nínú kíláàsì ló tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ ju bí mo ti lè tú u lọ. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, akéde a máa lu agogo yí ìlú ká lálẹ́. Ó ń kéde ọjọ́ iṣẹ́ ọ̀nà, ó ń kéde ẹran tó sọnù, ó ń kéde òfin tí ọba ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọba bá ṣẹ ìlú, akéde kì í lu agogo lórí ìyẹn. «Agogo ìlú ni a ń pè é,» ni Bàbá wí, «ṣùgbọ́n ààfin ló ń sùn.»

Agogo tí à ń sọ yìí, ọdún 1953 ni wọ́n rọ ọ́. Ọjọ́ 7 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà ni Radio Dahomey bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu, lábẹ́ àṣẹ àwọn Faransé. Òmìnira dé ní ọdún 1960. Agogo kò kúrò ní ààfin, onílé ni ààfin kàn ń pààrọ̀. Rédíò ni wọ́n fi kéde ìfipágbàjọba ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1972, èyí tó gbé Mathieu Kérékou gorí oyè. Nígbà tí àwọn ológun àgbàṣe tí Bob Denard kó wá já bọ́ sí Kútọnu ní ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1977, rédíò náà ni Kérékou fi pe àwọn ará ìlú jáde. Ọdún 1978 ni tẹlifíṣọ̀n wá bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà nígbà náà, ìyẹn PRPB, ohun tí ẹgbẹ́ bá sì wí ni ìròyìn. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá ORTB dá dúró, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò ti ń béèrè bóyá ọwọ́ dá dúró lára ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn náà ni oṣù Èrèlé ọdún 1990 dé.

Ọmọdé ni mí. Ohun tí mo rántí ni pé bàbá mi gbé rédíò rẹ̀ jáde sí abẹ́ igi, ó sì so okùn wáyà mọ́ ẹ̀ka kí ohùn lè já gaara. Àwọn aládùúgbò gbé àga wá. Láti ọjọ́ 19 títí di ọjọ́ 28 oṣù náà ni Àpérò Orílẹ̀-èdè fi jókòó ní ilé ìtura PLM Alédjo ní Kútọnu, tí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ń darí rẹ̀, rédíò orílẹ̀-èdè sì ń gbé ọ̀rọ̀ wọn sáfẹ́fẹ́ bó ti ń jáde lẹ́nu wọn. Ènìyàn ń dìde, wọ́n ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba lórí rédíò ìjọba, àrá kò sán. Àwọn tó gbọ́ Faransé lára àwọn àgbà ń túmọ̀ fún àwọn tí kò gbọ́. Nígbà mìíràn ìtumọ̀ kì í jáde, ẹni tó yẹ kó túmọ̀ yóò kàn fọwọ́ bo ẹnu, àwọn ìyókù á sì máa fi igbe bi í pé: «Kí ló wí? Kí ló wí?» Màmá mi bẹ̀rù. Ó ní kí wọ́n dín ohùn rédíò náà kù, nítorí a kò mọ ẹni tó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà.

Ẹ̀rọ kan náà ni. Àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ni, ilé kan náà ni. Ohun tó yí padà ni pé, fún ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí ẹnì kan tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun nìkan ló ni ìlú, akéde sì rí àyè lu agogo lórí ọ̀rọ̀ ọba.

Àwọn tó ti inú àpérò náà jáde kò fẹ́ kí ọjọ́ mẹ́wàá yẹn dà bí àlá. Òfin ìpilẹ̀ tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà wí ní ẹsẹ̀ 24 pé État, ìyẹn ìlú, ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ òmìnira ìròyìn, ó sì fi ìṣọ́ rẹ̀ sọ́wọ́ àjọ kan tí a ń pè ní HAAC. Ẹsẹ̀ 142 fi kún un pé àjọ yìí ni yóò rí i pé ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ aráàlú àti ọmọ ìlú rí àyè lọ́nà tó tọ́ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tó jẹ́ ti gbogbo wa. Ẹ tún un kà, ẹ̀yin òǹkàwé mi: ọmọ ìlú. Ìyá onígàrí wà níbẹ̀.

Òfin ọdún 1992 ló to bí a ó ti yan ọmọ àjọ náà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán: mẹ́ta láti ọwọ́ Ààrẹ, mẹ́ta láti ọwọ́ àwọn aṣòfin, mẹ́ta láti ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ìròyìn fúnra wọn. Ọdún 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọgbọ́n àgbà wà nínú ètò yìí. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Àmọ́ ẹsẹ̀ 143 fi yíyan alága sọ́wọ́ Ààrẹ nínú ìpàdé àwọn mínísítà, lẹ́yìn tó bá ti fi ọ̀rọ̀ lọ olórí ilé aṣòfin. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe jẹ́ pé, fún ọ̀pọ̀ ọdún, HAAC ń dábàá ẹni tí yóò darí ORTB, ìpàdé àwọn mínísítà ló sì ń fi í joyè. Láìpẹ́ yìí ORTB yí orúkọ padà di SRTB, ó sì di ilé iṣẹ́ tí òfin ìṣòwò ń darí, ṣùgbọ́n ìlú náà ló ṣì ni ín. Àpò ìlú ló ń bọ́ ọ, àwọn tó wà lórí oyè ló sì di ẹnu àpò náà mú.

Ẹni tó bá rò pé mínísítà ló ń pe olóòtú lálẹ́ pé kí ó má gbé ọ̀rọ̀ báyìí jáde, kò mọ bí nǹkan ti rí. Lọ́pọ̀ ìgbà kò sí ìpè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ̀ ló wà. Mínísítà ń lọ ṣí kànga ẹ̀rọ ní abúlé kan: ó ní ọkọ̀, ó ní àyè fún oníkámẹ́rà nínú rẹ̀, ó ní oúnjẹ ọ̀sán. Àgbẹ̀ tí kànga tirẹ̀ ti gbẹ láti ọdún tó kọjá kò ní ọkọ̀ tí yóò fi gbé oníkámẹ́rà wá. Nígbà tó bá di alẹ́, olóòtú wo ohun tó wà lórí tábìlì rẹ̀, kànga tí wọ́n ṣí ló rí. Kò purọ́ fún wa. Gbogbo ohun tó fi hàn wá ló ṣẹlẹ̀. Kànga tó gbẹ náà ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan wà nínú iṣẹ́ náà tí ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Nígbà tí ọdún 2013 ń lọ tí 2014 ń wọlé, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ka ìròyìn ní ORTB ka ìròyìn rẹ̀ tán, kò sì dìde. Ó kọjú sí àwọn òǹwòran, ó kédùn pé kò sí àyè fún gbogbo ohùn ní ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n pè é kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú àwọn tó ń báni wí. Mo fẹ́ rán àwọn ará ilé létí pé Boni Yayi ni Ààrẹ nígbà náà, ọmọ Tchaourou níbí, ọmọ wa. Mo sọ ọ́ nítorí pé mo ń gbọ́ ọ ní ọjà pé ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n yìí, ìgbà lágbájá ló bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Nígbà tí ọmọ tiwa wà ní ààfin, agogo dùn mọ́ wa létí. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ó ń dún sí apá kan.

Síbẹ̀, kí a má jẹ́ kí ẹ̀dùn ọkàn sọ wá di aláìṣòótọ́. Ìgbà kan ń bẹ tí òfin yìí ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Nígbà ìpolongo ìbò, HAAC ní í pín àyè fún àwọn olùdíje lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè, wọ́n ń ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú ẹnì kan kì í sì í ju ti ẹnì kejì. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2016, gbogbo Bẹ̀nẹ̀ rí Lionel Zinsou, tó jẹ́ olórí àwọn mínísítà, àti Patrice Talon, tó jẹ́ oníṣòwò, níwájú ara wọn, tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí lórílẹ̀-èdè yìí. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹni tí kò sí nínú ìjọba ló wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó ni ìpolongo ń gbà láàárín ìbò kan àti èkejì? Ìyókù ńkọ́?

Àwọn ará wa ní òdì kejì ẹnubodè ti rí ọ̀rọ̀ yìí kí àwa tó ní tẹlifíṣọ̀n rárá. Ní ọdún 1953, Anthony Enahoro dábàá nílé aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà máa dá ìjọba ara rẹ̀ ṣe ní ọdún 1956. Ọ̀rọ̀ náà dìjà. Gómìnà Macpherson, òyìnbó tó ń ṣàkóso, bọ́ sórí rédíò, ó dá ẹgbẹ́ Action Group lẹ́bi. Obafemi Awolowo ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fèsì lórí rédíò kan náà. Wọ́n kọ̀ fún un. Ìkọ̀sílẹ̀ yẹn kò tán nínú rẹ̀: àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn jà títí òfin fi gbà fún àwọn ẹkùn láti ní ilé iṣẹ́ tiwọn, nígbà tó sì di ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, kí orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Áfíríkà tó mọ ohun tí ń jẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹnì kan ni wọ́n dí lẹ́nu, ilé iṣẹ́ odindi ló ti inú rẹ̀ jáde.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ì bá dùn. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1965, lẹ́yìn ìdìbò tí gbogbo ayé ń pariwo pé èrú wà nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ kan náà ní Ìbàdàn fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ tí Olóyè Akintọ́lá ti gbà sílẹ̀ jáde. Ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú ìbọn, ó ní kí wọ́n yọ téèpù náà, kí wọ́n fi èyí tí òun mú wá sí i. Wọ́n mú Wọlé Ṣóyínká lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà péré ló wà láàárín ọjọ́ ìṣíde àti ọjọ́ ìbọn. Ilé tí wọ́n kọ́ nítorí ẹni tí wọ́n dí lẹ́nu ti di ilé tí ẹlòmíràn kò ti rí ẹnu sọ̀rọ̀, títí tẹ́nìkan fi rò pé ìbọn nìkan ló lè ṣí i. Nígbà tí mo rí àwọn akoto wọ̀nyí ní ọjọ́ Àìkú yẹn, téèpù Ìbàdàn ló wá sí mi lọ́kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò àwọn méjèèjì kò dọ́gba.

Àwọn ará Gánà gba ọ̀nà mìíràn. Òfin ìpilẹ̀ wọn ti ọdún 1992 pa á láṣẹ, ní ẹsẹ̀ 163, pé gbogbo ilé iṣẹ́ ìròyìn tó jẹ́ ti ìlú gbọ́dọ̀ fàyè gba èrò tó yàtọ̀ àti ẹni tí kò fara mọ́ ọn. Ní ọdún 1993, àwọn alátìlẹ́yìn ìjọba gba àyè lórí GBC láti ṣàlàyé ìṣirò owó ọdún náà. Ẹgbẹ́ NPP, tí kò sí nínú ìjọba, béèrè irú àyè bẹ́ẹ̀, wọn kò rí i gbà. Wọn kò mú ìbọn. Wọ́n gba ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ilé ẹjọ́ náà sì dá wọn láre. Yorùbá ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn adájọ́ Accra wọ̀nyẹn sọ irú ọ̀rọ̀ náà di òfin. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lọ́dọ̀ wọn, àjọ tó ń mójú tó ìròyìn ló ń yan ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn ilé iṣẹ́ náà, Ààrẹ ni wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Lọ́dọ̀ wa, fún ọ̀pọ̀ ọdún, òdìkejì ni: àjọ ń dábàá, àwọn tó wà ní ààfin ń yàn. Ìyàtọ̀ náà dà bí ohun kékeré lójú ìwé.

Mo wá kan ibi tí iṣẹ́ tèmi wà. Ìròyìn tí ẹni tí kò gbọ́ Faransé ń gbọ́, ìtumọ̀ ni. Faransé ni wọ́n fi kọ́kọ́ kọ ọ́. Ẹni tó yan ohun tí yóò wọ inú ìròyìn Faransé ti bá wa yan tiwa, nítorí ògbufọ̀ kò lè túmọ̀ ohun tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n gbé fún un. Èyí kan rédíò Parakou tó sún mọ́ wa, ó sì kan tẹlifíṣọ̀n Kútọnu. Àwọn tó ń jà fún òmìnira olóòtú ní olú ìlú kì í sábà rántí ibi yìí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wo «réforme». Àtúnṣe ni a ń pè é. Ẹni tó ń ṣe àtúnṣe ti gba ìyìn kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe. Bí wọ́n bá ní ìjọba ṣe àtúnṣe sí òfin ìdìbò, ta ni yóò dìde wí pé òun kò fẹ́ àtúnṣe? Bí wọ́n bá ní ìjọba yí òfin ìdìbò padà, ẹni tó gbọ́ yóò béèrè ohun tí wọ́n yí àti ìdí rẹ̀. «Opposition» ńkọ́? Alátakò ni a sọ ọ́ dà, bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó dúró lójú ọ̀nà ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá sì kọ́ ilé ìwòsàn, a ó gbọ́ pé ìjọba fi í ta wá lọ́rẹ, nígbà tó jẹ́ pé owó orí ìyá onígàrí wà nínú bíríkì rẹ̀. Mo ti bá ògbufọ̀ kan tàbí méjì sọ̀rọ̀ lórí èyí. Wọn kì í ṣe òpùrọ́. Ìwé Faransé ń dé wọn lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ wá sẹ́nu ni wọ́n ń mú. Ṣùgbọ́n níbi yìí, òmìnira wà lọ́wọ́ wọn tí kò sí àṣẹ mínísítà kankan tó gbà á. Kò sí ẹni tó fòfin dè wọ́n pé kí wọ́n má lo «yí padà».

Kí ni àwọn ará Goro fẹ́ sọ, bí wọ́n bá rí agogo náà lù? Kì í ṣe ìfipágbàjọba. Kajú àti sóyà ni. Ní ọjọ́ 1 oṣù Igbe ọdún 2024 ni òfin bẹ̀rẹ̀ tó ní kí ẹnikẹ́ni má kó kajú àti sóyà tí a kò tíì fi ṣe nǹkan jáde kúrò nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ mọ́, kí àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Glo-Djigbé lè rí i lò. Ọ̀rọ̀ náà lójú méjì. Iṣẹ́ ń bẹ fún àwọn ọ̀dọ́ ní Glo-Djigbé. Àgbẹ̀ tí oníbàárà rẹ̀ dín kù sì ń bẹ̀rù pé ẹni tó kù ni yóò máa fi ẹnu ara rẹ̀ dá iye. Ó ṣeé ṣe kí mínísítà dá wọn lóhùn, kí ẹjọ́ rẹ̀ sì tọ́. Ohun tí kíláàsì mi ń béèrè ni pé kí àgbẹ̀ àti mínísítà jókòó síwájú kámẹ́rà kan náà, kí àwọn gbọ́ ọ lédè tó yé àwọn.

Nítorí náà, iṣẹ́ lẹ́tà kíkọ tí mo fún ọdún kejì di lẹ́tà gidi. Wọ́n fẹ́ fi ẹsẹ̀ 142 béèrè àyè. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí a ó kọ ọ́ sí. Bàbá tó sọ ọ̀rọ̀ akéde ní mínísítà ni, nítorí ọ̀dọ̀ onílé là ń gbà wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún alùpùpù ṣe ní olùdarí ilé iṣẹ́ náà ni. Ìyá onígàrí ní HAAC ni, ó sì ní kí n tún ẹsẹ̀ òfin náà kà sí òun létí lédè Yorùbá, kí n má ṣe fi «ìjọba» síbi tó bá jẹ́ ìlú ni wọ́n ń sọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba ẹfun lọ́wọ́ mi, ó sì kọ ìlà àkọ́kọ́ sójú pátákó, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbin iṣu: «Láti Goro, ní agbègbè Tchaourou. Sí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ agogo ìlú.»

A ṣì wà lórí ìlà kejì.